Ìgbálẹ̀ Ni Mo Fi Gbá A, Ẹ̀rọ Ni Mo Yìn

Ẹ̀yin ìyá bíi tèmi, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi yìí. Kì í ṣe pé mo pààyàn o. Ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀.

Obìnrin jẹ́jẹ́ ni mí. Iṣẹ́ àtúnṣe aṣọ ni mò ń ṣe nínú pálọ̀ wa: mò ń gé ṣòkòtò tó gùn jù, mò ń pààrọ̀ síìpù, mò ń lẹ aṣọ tó ya. Ìwé mi ò pọ̀. Ilé àdúrà, ilé mi, iṣẹ́ mi, ó tán. Kò sẹ́ni tó máa ń bi mí ní ìbéèrè kan ju "Ìyá, ìgbà wo laṣọ mi máa jáde?" lọ.

Torí náà, nígbà tí ọmọbìnrin kan kan ilẹ̀kùn wa, tó ní ọ́fíìsì àwọn ń wá ìyá ilé tó máa bá àwọn yẹ ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ wò, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní fákúùmù, orí mi wú. Ilé ìtajà ńlá kan ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Ó fẹ́ mọ èyí tó yẹ kí òun máa tà fún àwọn onílé.

"Ìyá, irú ilé yín yìí gan-an là ń wá," ó wí, ó ń wo òwú tó já sílẹ̀ lábẹ́ máṣínì ìránṣọ mi. "Òwú ń bẹ, ìrépé aṣọ ń bẹ, rọ́ọ̀gì ń bẹ. Ẹ̀rọ tó bá lè gbá ibí yìí, kò síbi tí ò ní í gbá."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín lórí àga. "Ọmọ dáadáa, ṣé èébú nìyẹn àbí ìyìn?"

"Ìyìn ni, bàbá!"

Ọkọ mi ló sọ ọ́ ní Àǹtí Oníbéèrè, nítorí bó bá ti fìdí kalẹ̀ báyìí, ìbéèrè ni.

Ètò náà ò le. Ẹ̀rọ méjì ni wọ́n máa gbé wá. Màá lo ọ̀kan fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á gbé e lọ, wọ́n á gbé èkejì dé. Àǹtí Oníbéèrè á máa wá wo ilẹ̀, á sì máa bi mí nípa bó ṣe wúwo sí, bó ṣe ń pariwo sí, àti bó ṣe ń fa ìdọ̀tí sí.

"Òfin kan péré ló wà," ó wí. "Ẹ má fi ìgbálẹ̀ kan ilẹ̀ pálọ̀ yìí o, Ìyá. Bó bá dọ̀tí, ẹ jẹ́ kó dọ̀tí. Ìdọ̀tí yẹn gan-an la fẹ́ rí."

"Mo ti gbọ́," ni mo wí.

Mo sì gbọ́ lóòótọ́.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ dúdú, ó wúwo, ó sì ń ké bí ẹni tí wọ́n ń fà nírun. Òwú máa ń lọ́ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì abẹ́ rẹ̀, mo sì ní láti máa fi sísọ́ọ̀sì gé e kúrò. Nígbà tí Àǹtí Oníbéèrè dé, ó kúnlẹ̀, ó ká etí rọ́ọ̀gì sókè, ó fi ìka ra ilẹ̀. Òwú pupa kan àti irun díẹ̀ bá ìka rẹ̀ jáde.

Ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ó kàn wò ó.

Ẹ̀yin ìyá, ìtìjú tó bá mi lọ́jọ́ náà! Èmi tí ìyá tó bí mi kọ́ pé obìnrin tí àlejò bá ìdọ̀tí nílé ẹ̀, ìhòòhò ni àlejò bá a. Mi ò lè wo ojú ọmọbìnrin yẹn títí tó fi lọ.

Ẹ̀rọ kejì pupa, ó fúyẹ́, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Àǹtí Oníbéèrè máa wá wò ó, mo mú ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbá pálọ̀ náà dé abẹ́ àga. Mo gbọn rọ́ọ̀gì lóde. Ìgbà tí mo ṣe gbogbo ìyẹn tán ni mo wá fi ẹ̀rọ pupa rìn yí ilẹ̀ ká, bí ẹni tó ń fọwọ́ pa orí ọmọ tó ti sùn.

Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wò mí.

"Ìyá àwọn ọmọ, òfin ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ n tún ilé ṣe, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kó tún wá máa fi ìka yọ òwú níbí ni?"

"Hẹn-ẹn. Ìgbálẹ̀ ṣiṣẹ́ tán, ẹ̀rọ ló fẹ́ joyè."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn lọ́jọ́ yẹn.

Àǹtí Oníbéèrè dé, ó fi ìka ra ilẹ̀, ìka mọ́ tónítóní. Ojú rẹ̀ tàn.

"Ìyá! Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ sọ fún mi, báwo lẹ ṣe rí i sí?"

Ó jókòó, ó ń retí ọ̀rọ̀ mi. Èmi tí wọn kì í bi léèrè, ọmọ ọ́fíìsì ń retí ọ̀rọ̀ mi. Ẹnu mi bá là. Mo ní ẹ̀rọ náà ò lẹ́gbẹ́. Mo ní bí ẹní ń mumi ló ṣe ń fa ìdọ̀tí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni èmi fúnra mi ń gbà á gbọ́.

Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tó bá ń bọ̀, ìgbálẹ̀ mi á ti ṣáájú rẹ̀.

Ohun kan sì wà tí mo rí, tí mi ò sọ.

Lẹ́yìn tí mo bá ti lo ẹ̀rọ pupa, eruku lẹ́búlẹ́bú máa ń bà lé ara máṣínì mi, bí àtíkè. Màá nù ún. Bí mo bá tún lò ó, á tún bà. Lọ́jọ́ kan, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, mo bá bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà níbi tí atẹ́gùn ti ń jáde. Eruku ń bá atẹ́gùn jáde bí èéfín. Asẹ́ tó yẹ kó dá eruku dúró nínú rẹ̀ ò dí ojú ihò dáadáa. Ohun tó ń fi iwájú kó, ẹ̀yìn ló ń gbà tú u sínú ilé.

Mo sín. Mo pa á.

Kí ló dé tí mi ò sọ? Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Bí mo bá sọ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ń tú eruku, Àǹtí Oníbéèrè á ní, "Báwo wá ni ilẹ̀ yín ṣe ń mọ́ tó báyìí, Ìyá?" Kí ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn? Gbogbo ohun tó wà láyé ni mo fi sínú àdúrà lọ́sẹ̀ náà, mi ò mẹ́nu ba èyí. Ẹ̀rù bà mí pé Ọlọ́run lè dáhùn.

Ọ̀rọ̀ wá kọjá ọwọ́ mi. Ilé ìtajà náà ní ẹ̀rọ pupa làwọn mú. Wọ́n ní káwọn ya fọ́tò mi sára páálí rẹ̀. Wọ́n ní kí n rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ìyá onílé mímọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò lẹ́gbẹ́." Wọ́n fi ẹ̀rọ náà ta mí lọ́rẹ. Nílé àdúrà, àwọn èèyàn ń bọ̀ wá kí mi, mo sì jáde síwájú, mo jẹ́rìí pé Ọlọ́run gbé mi ga.

Nígbà tí mo délé, mo ti ẹ̀rọ náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. N ò lò ó mọ́.

Mo ní ọmọ obìnrin kan, akọ́bí mi. Iṣẹ́ irun ló ń ṣe. Òun náà bí ọmọbìnrin kan, tí a máa ń pè ní Aláròyé, nítorí ẹnu ọmọ náà kì í sinmi. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni àyà rẹ̀ ò ti lágbára. Bí eruku bá ti kàn án, èémí rẹ̀ á máa fọn bíi fèrè. Ikọ́ fée, tí wọ́n ń pè ní ásímà, ni dókítà ní ó jẹ́.

Ọmọ mi pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Màámi! Mo ti ra ẹ̀rọ yín o!"

"Ẹ̀rọ wo?"

"Ẹ gbọ́ Màámi! Ẹ̀rọ wo! Èyí tójú yín wà lára páálí ẹ̀ ńkọ́? Àwọn oníbàárà mi ló ń bi mí pé ṣé ìyá mi nìyí. Mo ní, àní ìyá mi ni! Àwọn kan nínú wọn ti lọ rà á. Èmi ò wá ní í rà? Torí àyà ọmọ yìí ni mo ṣe rà á, kí eruku lè tán pátápátá nílé mi."

Ọ̀rọ̀ náà wà ní góńgó ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

"Ó... ó dáa, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n máa ṣí fèrèsé."

"Kí eruku òde tún wọlé wá bá wa? Màámi náà!" Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Kò pẹ́ kò jìnnà, ikọ́ dé.

"Màámi, ọmọ yìí ń wúkọ́ o. Mo ti wá ń gbá yàrá rẹ̀ láàárọ̀, mo tún ń gbá a nírọ̀lẹ́."

Ẹ bá mi wò ó. Bí ọmọ bá wúkọ́, ìyá rẹ̀ á tan ẹ̀rọ. Bí ìyá rẹ̀ bá tan ẹ̀rọ, ọmọ á tún wúkọ́. Nínú gbogbo ayé, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ọ̀kan ló ń bí èkejì. Bí fóònù bá dún, màá jẹ́ kó dún títí kí n tó gbé e. Mò ń gún ara mi lábẹ́rẹ́ nídìí iṣẹ́.

Mo fìgboyà pè é. "Fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ná. Fi aṣọ tútù nu ilẹ̀."

"Kí ló dé, Màámi? Àbí ẹ̀rọ náà ò dáa ni?"

Ẹ rí i báyìí, ó bi mí. Ó bi mí ní tààrà.

"Rárá o. Mo kàn ní kó o sinmi ni."

"Èmi kọ́ ló kàn láti sinmi. Ọmọ ló kàn."

Ọ̀sán ni wọ́n pè wá pé ká máa bọ̀ nílé ìwòsàn.

Aláròyé jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, kò lè dùbúlẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀. Kòtò ọrùn rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń wá èémí. Ètè rẹ̀ ti ṣú. Ọmọ tó máa ń rojọ́ títí èèyàn á fi bẹ̀ ẹ́, kò lè pe "Màmá." Ó kàn ń wò mí. Ojú rẹ̀ tóbi, ó dúró lára mi gbọin, bíi pé ó ń retí kí n ṣe nǹkan kan sí i.

Nọ́ọ̀sì fi ohun ìbomú tí atẹ́gùn ń gbà wọlé bò ó nímú. Dókítà gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé e lẹ́yìn, ó yíjú sí ọmọ mi.

"Kí ló yí padà nínú ilé yín? Ẹ kun ọ̀dà? Ẹ ra ẹran ọ̀sìn? Lọ́fínńdà tuntun?"

"Kò sí, dókítà. Ilé mi mọ́. Ẹ̀rọ ni mo fi ń gbá a lójoojúmọ́." Ó na ọwọ́ sí mi. "Màmá mi nìyí, àwọn gan-an ló yẹ ẹ̀rọ náà wò kí wọ́n tó máa tà á."

Dókítà wò mí. "Ẹ̀rọ náà dáa, Ìyá? Kì í tú eruku?"

Gbólóhùn kan péré ni mo nílò. Ọmọ-ọmọ mi wà níwájú mi, ó ń jà fún èémí. Ọkọ mi dúró tì mí. Ọmọ mi ń wò mí pẹ̀lú ìgbẹ́kẹ̀lé, bí ẹni tó mọ̀ pé ìyá òun ò ní í dójú ti òun.

"Ó dáa," ni mo wí.

Ẹ̀yin ìyá, mo gbọ́ ohùn ara mi. Mo jáde, mo wọ ilé ìtọ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù níbẹ̀, mo ní kí n gbàdúrà. "Ọlọ́run, gba ọmọ yìí là," ni mo fẹ́ sọ. Kò jáde. Ohun tí mo ń gbọ́ lọ́kàn mi ni pé, "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

Ọlọ́run ṣàánú. Oògùn ràn án. Ọmọ náà mí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sílé, wọ́n sì kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sí eruku níbi tó bá wà.

Ọmọ mi di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí àṣẹ. A ò tíì jókòó tán nílé rẹ̀ tó fi gbé ẹ̀rọ pupa jáde.

"Bàámi, ẹ gbé e lẹ́sẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ n gbá pálọ̀ kí n tó tẹ́ ẹ síbẹ̀."

Ọkọ mi gbé ọmọ lé itan. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba fèrèsé wọlé. Mo jókòó sórí àga, mo di etí àga mú. Mò ń sọ fún ara mi pé, yóò gbá a tán láìpẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ẹ̀ẹ̀kan ò lè pa á.

Ó ki púlọ́ọ̀gì bọ ara ògiri. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo rí i. Mo rí i tí eruku bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn rẹ̀, tó ń yí nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tó ń lọ síbi àga ọkọ mi wọ́ọ́rọ́wọ́.

Aláròyé wúkọ́. Ẹyọ kan.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Wáyà ni mo bá lọ́wọ́ mi, mo ti fà á yọ lára ògiri, púlọ́ọ̀gì ti gbá ẹsẹ̀ tábìlì.

"Màámi! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Má tàn án! Má tàn án mọ́ láé! Ẹ gbọ́mọ jáde, ẹ gbé e jáde!"

Ọkọ mi ti dìde, ó ti gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ mi ò kúrò lójú kan.

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń tú eruku. Asẹ́ inú rẹ̀ ò dí. Òun ló ń ṣe ọmọ rẹ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

Mo ń lọ́ wáyà náà mọ́ ọwọ́.

"Màámi, mo ní ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Kí wọ́n tó ya fọ́tò."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, ìgbálẹ̀ tí mo fi ń gbá pálọ̀ kí n tó tan ẹ̀rọ, ìtìjú tó bá mi, òwú pupa, gbogbo rẹ̀ jáde gàdàgàdà. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń kéré sí i. Nígbà tó wà nínú mi, òkè ńlá ni. Nígbà tó jáde tán, òwú lásán ni. Torí òwú lásán!

"Mo bi yín lórí fóònù," ọmọ mi wí. Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ pariwo. "Dókítà bi yín. Ẹ ń wò mí bí mo ṣe ń da eruku lé ọmọ mi lórí. Mo rò pé ìwẹ̀ ni mò ń wẹ̀ fún un."

"Dárí jì mí."

Ọkọ mi sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Àgbà kì í wà lọ́jà..." Kò parí òwe náà. Ó wo ilẹ̀. "Èmi náà rí ìgbálẹ̀ yẹn. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò yẹ kí n fi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Màmá Àgbà," Aláròyé wí ní èjìká bàbá àgbà rẹ̀, ohùn rẹ̀ ṣì há, "ṣé ẹ purọ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Aláròyé mi. Mo purọ́."

Ọmọ mi ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. "Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ máa lọ sílé."

Ó ṣì ń fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo gbé ẹ̀rọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi lọ sí ọ́fíìsì Àǹtí Oníbéèrè. Mo tàn án síwájú fèrèsé, mo ní kó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi lè lọ lórí èyí?"

"Mo mọ̀. Má bínú, ọmọ mi. Èmi ni mo rú òfin rẹ."

Wọ́n kó ẹ̀rọ náà kúrò lórí àtẹ, wọ́n ní àwọn máa tún un yẹ̀ wò. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù irun ọmọ mi ní ọjọ́ tí kò sí níbẹ̀, mo bi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé àwọn tó ra ẹ̀rọ náà, mo sì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ẹnì kan ṣépè fún mi. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá onílé mímọ́, ẹ kú iṣẹ́ o!" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Nílé àdúrà, mo padà jáde síwájú, mo jẹ́rìí tuntun. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, ìtìjú kékeré tí ẹ̀ ń sá fún lónìí, ẹ yíjú padà, kí ẹ jẹ́ kó bá yín. Kò ní í pa yín. Tèmi tí mo sá fún, ọmọ-ọmọ mi ló lọ bá.

Ọmọ mi ń kí mi, kì í ṣe pé kì í kí mi. Ṣùgbọ́n kì í bi mí léèrè nǹkan kan mọ́. Ìgbà tí eyín ń ro ọmọ náà, ará ìta ló lọ bi. Mo gbà pé ó tọ́ sí mi.

Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ṣàdédé wọlé wá bá mi, ó pọn ọmọ, ó ń kánjú.

"Màámi, ẹ bá mi gbọ́ àyà ẹ̀. Oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù mi, ìyàwó tuntun wà níbẹ̀ tó ń dúró dè mí. Èmi ò rò pé nǹkan kan ṣe é. Ẹ ṣáà sọ fún mi pé kò sí nǹkan, kí n máa lọ."

Mo gbé etí lé ẹ̀yìn ọmọ náà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, fèrè kan ń fọn, tín-ín-rín, bí ohun tó wà lójúlé kejì.

Ẹ̀rù bà mí. Ó ti padà wá bi mí léèrè. Ó sì ti sọ èsì tó fẹ́ gbọ́ fún mi. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, á rẹ́rìn-ín sí mi, á máa lọ.

"Nǹkan wà," ni mo wí. "Ó ń fọn. Jẹ́ kí ìyàwó tuntun máa dúró. Ká lọ sílé ìwòsàn nísinsìnyí."

Ó wo ojú mi títí. Lẹ́yìn náà ló tú ọ̀já, ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó sì sáré jáde lọ wá ọkọ̀.